A Bá Ọ̀rẹ́ Jẹun Ọ̀sán Lórí Ọ̀sà

Bí ọwọ́ yín bá dilẹ̀ lálẹ́ òní, ẹ fìdí kalẹ̀ kí a jọ sọ ọ̀rọ̀ kan tí ó ti ń jẹ wá lọ́kàn.

Bí ẹnikẹ́ni bá kó àwọn ìwé ìròyìn wa àtẹ̀yìnwá jọ, tí ó sì ṣí ojú ewé ìròyìn ẹbí, yóò rí i pé ohun mẹ́ta péré ni ó ń gbé wa kúrò ní Kawo lọ sílé. Èkíní ni òkú, èkejì ni ìgbéyàwó, ẹ̀kẹta ni ìkómọ. Ẹnì kan lọ sí Ọ̀fà lọ sìnkú bàbá rẹ̀. Ẹnì kan lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ fi ọmọ fọ́kọ. Ẹnì kan lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde lọ sọ ọmọ-ọmọ lórúkọ. Gbogbo rẹ̀ dára, a kò sì gbọdọ̀ fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò tíì kà á níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan rí pé ọmọ ẹgbẹ́ wa kan wọkọ̀ ní gáréèjì Kawo, ó lọ wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ara rẹ̀ le koko, wọ́n jọ jẹun, wọ́n jọ sọ̀rọ̀, ó sì padà wálé. Bí ọ̀rẹ́ náà bá kú, nígbà náà ni a ó dá owó jọ, a ó ra aṣọ ẹbí, a ó sì háyà bọ́ọ̀sì. Bí a bá dé ibẹ̀, ta ni yóò bá wa sọ̀rọ̀? Òkú kì í dáhùn.

Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ ròyìn ohun tí ojú wa rí lórí ọ̀sà Èkó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ó kọjá.

Ìkómọ ni ó gbé àwa náà lọ sí Èkó. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ wa kan ń bẹ níbẹ̀, ọmọ Ẹ̀pẹ́, tí àwọn àgbà Kawo yóò mọ̀ bí a bá pè é ní Bàbá Ìbejì. Táyà ni ó ń tà nítòsí gáréèjì kí ìjà ẹ̀sìn oṣù kejì ọdún 2000 tó dé bá Kàdúnà. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé nígbà náà kò nílò kí a tún un sọ. Ìjà yẹn gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀mí, ó sì pín ìlú sí méjì. Àwọn kan kó lọ sí òdìkejì odò, àwọn kan kó wá sí apá tiwa, àwọn mìíràn sì di ẹrù wọn padà sí ìlú baba wọn. Bàbá Ìbejì wà nínú àwọn tí ó padà. Láti ìgbà náà, orí tẹlifóònù ni a ti ń kí ara wa. "Ẹ kú ọdún." "Ẹ kú ọ̀fọ̀." "Ilé ńkọ́?" Ó parí. Nígbà tí ó gbọ́ pé a wà ní Èkó, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi Sátidé sílẹ̀ fún mi. Kì í ṣe nílé ni a ó ti jẹun ọ̀sán. Orí omi ni."

Létí omi ní Falomo, ní Ìkòyí, ni a ti wọkọ̀. Omi tí ó wà níwájú ibẹ̀ ni àwọn Òyìnbó ń pè ní Five Cowrie Creek. Wọ́n ní owó ẹyọ márùn-ún ni àwọn ará àtijọ́ ń san fún ẹni tí ó bá fi ọkọ̀ gbé wọn sọdá. Ọkọ̀ tiwa kò tóbi. Ó ní òrùlé, ó ní tábìlì àti ìjókòó fún bí ogún ènìyàn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó gbé èrò lọ sórí ọ̀sà ní òpin ọ̀sẹ̀, kí wọ́n jẹun ọ̀sán, kí wọ́n fi ojú jẹun pẹ̀lú, kí ó sì dá wọn padà lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta. Wọ́n ní agogo méjìlá ni a ó gbéra, ó di agogo kan kọjá kí a tó kúrò. A kò ní dárúkọ àwọn tí ó ni ọkọ̀, nítorí pé nǹkan mìíràn tí wọ́n ṣe wù wá.

Atukọ̀ kọ́kọ́ pín ẹ̀wù ìgbẹ̀mílà, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní láìfù-jákẹ́ẹ̀tì. Obìnrin kan tí ó wé gèlè gàgàrà kọ̀, ó ní yóò ba léèsì òun jẹ́. Atukọ̀ pa ẹ̀rọ. Ó ní, "Mọ́mì, aṣọ yín dára púpọ̀, ṣùgbọ́n omi kò mọ léèsì. Bí ẹ kò bá wọ̀ ọ́, ibí yìí náà ni a ó ti jẹun." Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì wọ̀ ọ́.

Ọkọ̀ wa kọjú sí ìlà-oòrùn. A gba abẹ́ afárá tí wọ́n fi wáyà irin fà sókè, èyí tí ó ti so Lẹ́kí pọ̀ mọ́ Ìkòyí láti ọdún 2013. Lẹ́yìn náà ni omi ṣí sílẹ̀ gbayawu níwájú wa. Lápá òsì ni àwọn ilé olówó ti Banana Island wà, ilẹ̀ tí ó jẹ́ pé yanrìn ni wọ́n dà sómi kí ó tó di ilẹ̀. Lọ́ọ̀ọ́kán ni a rí afárá Third Mainland, tí wọ́n parí ní ọdún 1990, tí gígùn rẹ̀ tó kìlómítà 11.8. Ó nà gbọọrọ lójú omi bí okùn ìsáṣọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni èéfín Makoko ti ń rú, níbi tí àwọn Ẹ̀gùn kọ́ ilé sórí òpó nínú omi, tí àwọn obìnrin wọn sì ń yan ẹja. Àwọn apẹja ń ju àwọ̀n káàkiri. Atẹ́gùn ń fẹ́, kò sí eruku, kò sí fèrè mọ́tò. Ẹni tí ó ti Kawo wá nígbà ọyẹ́, tí ètè rẹ̀ ti là, yóò mọ ohun tí à ń sọ.

Bàbá Ìbejì ni ó ń fi ọwọ́ júwe ohun gbogbo. Ó ní kí títì tó dé, ọ̀sà yìí ni títì. Òun ni àwọn ìyá Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀pẹ́ ń gbà kó gààrí, epo àti ẹja wá sí Èkó, ìdí nìyẹn tí Ẹ̀jìnrìn létí ọ̀sà fi di ọjà ńlá nígbà kan. Ó tún rán wa létí pé nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè ní ìparí ọdún 1851, Ẹ̀pẹ́ ni òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ fi ṣe ibùgbé, ó sì di ọdún 1862 kí ó tó padà sí Èkó. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, omi yìí mọ àwọn tí ìjà lé kúrò nílé. Ó sì mọ àwọn tí ó padà." A gbọ́ ọ, a kò sì fèsì, nítorí pé a rí i pé ọ̀rọ̀ ṣì ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀.

Oúnjẹ dé. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù ni, pẹ̀lú dòdò, ẹja díndín àti ata. Ẹja náà dùn. Ìrẹsì kò burú, ṣùgbọ́n kò gbóná tó. Bàbá Ìbejì tú àpò rẹ̀, ó yọ ìkọ́kọrẹ́ tí Ìyá Ìbejì dì fún wa, èéfín ṣì ń jáde lára rẹ̀. Àwa náà tú tiwa, a yọ kílíṣí tí a rà ní Kawo. Ó mú kílíṣí, kò tètè jẹ ẹ́, ó gbé e sí imú. Ó ní, "Òórùn gáréèjì nìyí." Ó jẹ ẹ́ tán, ó mu omi, ó wá béèrè ohun tí ó ti wà nínú rẹ̀ láti ọdún 2000.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, Màlámù iwájú ilé mi, ṣé ó ṣì wà?"

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé fún àwọn ọ̀dọ́. Nígbà tí ìjà yẹn dé, bàbá Hausa kan tí ilé rẹ̀ kọjú sí ti Bàbá Ìbejì ni ó ṣílẹ̀kùn fún un, pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ìbejì tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà náà. Mùsùlùmí ni bàbá náà, Kìrìsítẹ́nì ni wọn. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi wà ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, níbi tí àlejò kì í dé. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin wá kanlẹ̀kùn, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, ó ní bí wọ́n bá fẹ́ wọlé òun, kí wọ́n kọ́kọ́ gba orí òkú òun kọjá. Wọ́n lọ. Lọ́jọ́ kẹrin ni àwọn sójà wá kó wọn, láti ọ̀dọ̀ àwọn sójà ni wọ́n sì ti wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Èkó. Nínú ìdààmú yẹn, Bàbá Ìbejì kò rí àyè dọ̀bálẹ̀ kí ó dúpẹ́.

A kò lè bò ó fún un. A ní, "Bàbá Ìbejì, Màlámù ti lọ. Ó ti pẹ́ díẹ̀."

Ó fi ṣíbí lélẹ̀. Ó wo omi títí. Ó ní, "Ọdọọdún ni mò ń sọ pé ọdún tí ń bọ̀ ni màá lọ."

Àwa náà dákẹ́, a jẹ́ kí ó wo omi rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a wá sọ fún un pé ìyàwó Màlámù ṣì wà láàyè, pé bí a bá kọjá níwájú ilé rẹ̀, ó máa ń pè wá, yóò ní, "Àwọn ìbejì mi ńkọ́?" Ìgbà yìí ni ojú Bàbá Ìbejì tó kúrò lójú omi. Ó ní ṣé òótọ́ ni. A ní òótọ́ ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí èyí obìnrin ti di nọ́ọ̀sì, tí èyí ọkùnrin sì ń ṣiṣẹ́ iná mànàmáná. Ó ní kí a sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá náà, ká má gbàgbé ọ̀kan.

Ó tún bi wá ní ìbéèrè kan tí ọ̀pọ̀ nínú yín ti gbọ́ lẹ́nu àwọn ẹbí yín. Ó ní, "Kí ni ẹ̀yin ń dúró ṣe níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí?" A kò bínú, nítorí pé ó ní ẹ̀tọ́ láti béèrè. A kò sì sọ pé ẹ̀rù kì í bà wá. A sọ fún un pé ibẹ̀ ni àwọn ọmọ wa ti bí ọmọ, ibẹ̀ ni a sin àwọn òbí wa sí, ilé irú ti Màlámù kò sì mọ lórí ẹyọ kan ní Kawo. Ó mi orí. Kò sọ pé a jàre, kò sì sọ pé a jẹ̀bi. Ọkọ̀ ti ń darí sílé nígbà náà, oòrùn ti rọlẹ̀ díẹ̀, omi sì ń dán bí àwo.

Ẹ ó béèrè pé kí ló dé tí kò fi bi wá léèrè lórí tẹlifóònù ní gbogbo ọdún wọ̀nyí. Àwa náà ti rò ó. Lórí tẹlifóònù, owó ń lọ, ohùn ń já, ẹni tí ọ̀rọ̀ bá sì ka láyà lè sọ pé, "Ó dàárọ̀ o." Nílé, àlejò ń wọlé, ọmọ ń ké, iná lọ, jẹnẹrétọ̀ bẹ̀rẹ̀ ariwo. Níbi ìnáwó, ìlù kì í jẹ́ kí a gbọ́ ohùn ara wa. Lórí ọkọ̀, ènìyàn méjì kọjú síra wọn fún wákàtí mẹ́ta, oúnjẹ wà láàárín wọn, kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni lè sá lọ. Bí ọ̀rọ̀ bá wúwo, ojú lè máa wo omi títí ẹnu yóò fi là. Èyí ni èrè tí ó wà nínú irú ìgbafẹ́ bẹ́ẹ̀, ó ju ẹja àti ìrẹsì lọ.

Kí a tó kúrò ní Èkó, Bàbá Ìbejì gbé àdìrẹ yáàdì márùn-ún àti ẹja yíyan Ẹ̀pẹ́ wá fún wa láti fi jíṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan náà tí a dé Kawo ni a mú un lọ. Ìyá náà gba aṣọ, ó fi bo ojú fún ìgbà díẹ̀, ó sì ní kí a sọ fún un pé aṣọ dára, ṣùgbọ́n àwọn ìbejì ni òun fẹ́ rí. Títí di àkókò tí a ń kọ èyí, Bàbá Ìbejì kò tíì wá. Ó ní lẹ́yìn òjò ni. A ń retí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará, bí adùn omi ti tó, bẹ́ẹ̀ náà ni agbára rẹ̀ tó. Odò Kàdúnà tí à ń gba orí afárá rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ ń ti ilẹ̀ olókè Jos ṣàn wá. Ó la ìlú wa kọjá, ó gba ìdídò Shiroro, ó sì lọ dà sínú odò Ọya ní Mureji, ní ìdojúkọ ilẹ̀ Pàtígì. Ní agbègbè Pàtígì yìí kan náà, lóru mọ́jú ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2023, ni ọkọ̀ ojú omi kan dojú dé pẹ̀lú àwọn èrò tí ń ti ibi ìgbéyàwó bọ̀ láti abúlé Egboti. Ó ju ọgọ́rùn-ún ènìyàn lọ tí ó kú. Èrò inú ọkọ̀ náà ti pọ̀ jù, òkùnkùn sì ni. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ gun omi, ẹ fi ìmọ̀ràn wa sọ́kàn.

Ẹ̀wù ìgbẹ̀mílà ni àkọ́kọ́. Bí kò bá sí èyí tí ó bá ara ọmọdé mu, ẹ má gbé ọmọdé wọ ibẹ̀. Ẹ di ìgbànú rẹ̀ dáadáa, kí ẹ má kàn gbé e kọ́ ọrùn. Ẹ ka ìjókòó, kí ẹ sì ka orí. Bí orí bá ju ìjókòó lọ, ẹ sọ̀kalẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ ti gba owó yín. Ẹ má rìn lóru. Bí òjò bá ṣú, ẹ jẹun lórí ilẹ̀. Ní Èkó, LASWA, tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà dá sílẹ̀ ní ọdún 2008, wà lára àwọn tí ń bójú tó ọkọ̀ ojú omi, ọkọ̀ tí ó bá ní ìwé àṣẹ ni kí ẹ wọ̀.

Ní ti owó, a kò ní sọ pé ó kéré. Ṣùgbọ́n owó tí ó gbé wa méjì lọ, tí ó sì bọ́ wa, kò tó owó léèsì kan pẹ̀lú gèlè rẹ̀. Ẹni tí kò bá sì ní tó bẹ́ẹ̀ lè wọ ọkọ̀ èrò láti Ìpakodò ní Ìkòròdú lọ sí erékùṣù Èkó. Àwọn àgbà yóò rántí Baba Kekere àti Itafaji, àwọn ọkọ̀ ojú omi ayé ìjọba Lateef Jakande ní ọdún 1983. Irú ọkọ̀ èrò bẹ́ẹ̀ kò ní tábìlì oúnjẹ, ṣùgbọ́n ọ̀sà kan náà ni ó ń gbà. Ẹ ra búrẹ́dì àti ẹ̀wà àgọ̀yìn dání kí ẹ tó wọlé.

Ẹ̀yin tí ọ̀rẹ́ yín wà ní Kàdúnà níbí kò ní láti dé Èkó. Odò tiwa kò rọrùn fún ọkọ̀ ìgbafẹ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àpáta ń yọ orí nínú rẹ̀. Nígbà òjò, ó ń kún dẹ́rù bani. Àwọn Hausa sì ní ọ̀nì, tí wọ́n ń pè ní kada, ni ó fún un lórúkọ. Nítorí náà, etí rẹ̀ tó wa. Ẹ mú ẹní, ẹ mú oúnjẹ, ẹ lọ sábẹ́ igi ní apá Gamji ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan, ẹ̀yin méjì péré. Ẹ pa tẹlifóònù. Ẹ bi ọ̀rẹ́ yín ní ohun tí ẹ ti ń fẹ́ bi í, kí ẹ sì jẹ́ kí òun náà bi yín.

Àwa tí ó wà lájò kì í ní ọ̀rẹ́ tí ó pọ̀ jù. Àwọn tí a jọ dé ń dín kù, àwọn kan ti padà sílé, àwọn kan ti lọ sí ibi tí a kì í ti í bọ̀. Ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Ìdí nìyí tí a fi ń bẹ̀ yín pé láti ìwé ìròyìn tí ń bọ̀, ẹni tí ó bá lọ wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ láìsí òkú, láìsí ìgbéyàwó, láìsí ìkómọ, kí ó kọ̀wé sí wa. Ìlú wo ni ẹ ti pàdé? Kí ni ẹ jẹ? A ó tẹ̀ ẹ́ sójú ewé ìròyìn ẹbí, a ó sì fi í ṣáájú ti òkú.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ wa lórí ilẹ̀ àti lórí omi. Ó dìgbà kan ná.